Orí Kẹsàn-án: Gbígbin Hemlock Orí Òkè sí Ọgbà Ilé

Ẹni tó bá gòkè lọ sí Paradise, lára òkè Rainier ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, yóò bá igi kan pàdé níbẹ̀ tí ṣóńṣó orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó sì ní àwọ̀ eérú lára. Òjò dídì a máa bo àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìpa wọ́n. Hemlock orí òkè ni igi náà. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Tsuga mertensiana. Orí ìwé yìí yóò sọ bí a ṣe lè gbìn ín sí ọgbà ilé, kó yè, kó sì pẹ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú kí a tó lọ jìnnà. Gbogbo ìtọ́jú igi yìí kò ju pé kí ẹ ṣe fún un nílé ohun tí òjò dídì ń ṣe fún un lókè. Òjò dídì ń mú kí ìdí rẹ̀ tutù. Ó ń bo gbòǹgbò rẹ̀ kí yìnyín má bàa wọ̀ ọ́. Bó bá sì ń yọ́, ó ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀ títí wọ inú ìgbà ooru. Ẹni tó bá lè pèsè ìtutù, ààbò àti omi tí kì í dá, igi yìí yóò ṣe dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí igi yìí lè gbé

Láti agbègbè Kenai ní Alaska ni ilẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba British Columbia, Washington àti Oregon kọjá, ó sì dé orí àwọn òkè Sierra Nevada ní California. Ní Alaska, ó ń hù létí òkun gan-an. Bí a bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù tí ooru ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń gòkè sí i, débi pé ní Sierra Nevada, a ní láti gùn tó nǹkan bí 2,400 mítà kí a tó rí i. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀, kì í ṣe òtútù.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Seattle, Tacoma, Portland tàbí Vancouver kò jìnnà sí ilé rẹ̀ rárá. Àwọn tó wà ní Scotland àti àríwá England, níbi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa tí ooru kò sì le, lè gbìn ín pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Àwọn ará London lè gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ omi àti ilẹ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú. Ẹni tó wà ní Houston tàbí Atlanta, kí ó fi owó rẹ̀ ra igi mìíràn, nítorí ìgbà ooru ibẹ̀ gùn, òru rẹ̀ kì í sì í tutù tó. Ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, kò sí ibi tó lè gbé e: igi yìí gbọ́dọ̀ rí oṣù òtútù gidi kó tó lè sinmi, kó tó lè tún rúwé.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ. Ó yí ẹ̀ka ká ní gbogbo ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá wo orí ẹ̀ka náà tààrà, ẹ ó rí i bí ó ṣe tàn káàkiri. Òkè ewé àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ní ìlà funfun, òun ló sì fún un ní àwọ̀ eérú yẹn. Èso onípẹ́ rẹ̀, tí a ó máa pè ní kóònù, gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́jọ. Àwọ̀ elésè àlùkò ló sábà máa ń ní kó tó gbó, lẹ́yìn náà ó di búráùn.

Ìbátan rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń tà lọ́jà náà, ìyẹn hemlock ìwọ̀-oòrùn, Tsuga heterophylla. Ewé tirẹ̀ tẹ́ lọ sápá ọ̀tún àti sápá òsì, abẹ́ rẹ̀ nìkan ló funfun, kóònù rẹ̀ kò sì tó ti ẹni tí à ń sọ yìí rárá. Igi ńlá tó ń yára ga ni, kò yẹ fún ọgbà kékeré. Ẹ wo ewé dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Àwọn kan a máa bẹ̀rù orúkọ hemlock nítorí májèlé tí wọ́n fún Socrates mu ní Áténì ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Krístì. Ewéko mìíràn ni ìyẹn, Conium maculatum: koríko gíga ni, òdòdó rẹ̀ funfun, igi ara rẹ̀ sì ní àmì tótòtó elésè àlùkò. Òun àti igi wa yìí kò bára tan. Igi tí à ń sọ kò ní májèlé.

Ohun tí òkè fi hàn wá

Ní ìgbà òtútù ọdún 1971 sí 1972, òjò dídì tó rọ̀ sí Paradise ju mítà 28 lọ. Hemlock orí òkè ti mọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ rọ̀, ó ń tẹ̀, kì í tètè ṣẹ́. Àwọn ọmọ igi a máa dùbúlẹ̀ pátápátá lábẹ́ òjò dídì, nígbà tó bá sì yọ́, wọ́n á tún nàró. Ilẹ̀ abẹ́ òjò dídì tó nípọn kì í sábà di yìnyín, nítorí náà gbòǹgbò rẹ̀ kò mọ yìnyín líle.

Ní àyíká Crater Lake ní Oregon, igi yìí ló kún etí adágún náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ òkúta fúyẹ́fúyẹ́ tí òkè oníná tú jáde ní nǹkan bí 7,700 ọdún sẹ́yìn. Omi kì í dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbà á kọjá, òjò dídì tó ń yọ́ sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí igi yìí fi fẹ́ omi nígbà gbogbo, síbẹ̀ tí omi tó dúró fi ń pa á. Ọ̀pọ̀ àwọn tí igi wọn kú, yálà omi déédéé tàbí ilẹ̀ tí omi ń gbà kọjá ni wọn kò fún un.

Yíyan ibi tí a ó gbìn ín sí

Èyí ni ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí igi yìí kò fẹ́ kí a máa ṣí i kiri.

Oòrùn: Ó fẹ́ oòrùn àárọ̀. Ó lè gba oòrùn ọ̀sán níbi tí ojú ọjọ́ bá tutù, ṣùgbọ́n ní àárín ìlú, kí òjìji bò ó láti aago kan ọ̀sán. Ìhà ìlà-oòrùn tàbí àríwá ilé ló dára jù. Ẹ yẹra fún ògiri tó kọjú sí gúúsù àti ilẹ̀ tí kọnkéré yí ká, torí ooru inú wọn kì í tán títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ilẹ̀: Ó fẹ́ ilẹ̀dú tí ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀, tó sì ní ásíìdì díẹ̀, kí pH rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 5 sí 6. Ilẹ̀ ẹlẹ́fun, irú èyí tó wà káàkiri gúúsù England, kò bá a mu: ewé rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ẹlẹ́fun, inú ìkòkò ni kí ẹ gbìn ín sí.

Ìṣàn omi: Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ bu omi kún un, kó fà tán, kí ẹ tún kún un lẹ́ẹ̀kejì. Bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ amọ̀ ni. Ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ẹ mọ òkìtì gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó ga tó 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì gbìn ín sórí rẹ̀.

Àyè: Ẹ fi mítà mẹ́ta sí mẹ́rin sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ilé. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà òtútù, kó sì jìnnà sí èéfín ọkọ̀.

Rírà á

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igi ìbílẹ̀ àgbègbè náà tàbí àwọn tó mọ igi oníkóònù dunjú. Èyí tí kò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ ló tètè ń mọ́ra. Igi ńlá ń náni lówó, ó sì ń pẹ́ kó tó gbàgbé ibi tí wọ́n ti hú u.

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò díẹ̀, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò bí okùn tí wọ́n ká, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo ìdí ewé bóyá nǹkan funfun bí òwú wà níbẹ̀. Ẹ rí i pé ṣóńṣó kan ṣoṣo ló ní.

Bí ọgbà yín bá kéré, oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní 'Elizabeth', tó ń tẹ́ lọ ju bó ṣe ń ga lọ. Ó dára lẹ́bàá òkúta. 'Glauca' àti 'Blue Star' ní àwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀. Wọ́n sábà máa ń lọ́ irú wọn mọ́ ìdí hemlock mìíràn ni, nítorí náà bí ẹ̀ka kan bá hù láti ìsàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, ẹ gé e kúrò kíákíá.

Ẹ má ṣe hú igi láti orí òkè. Òfin kò gbà á nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ bíi ti òkè Rainier. Nínú àwọn igbó ìjọba mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan igi kankan. Yàtọ̀ sí òfin, igi tí ẹ rí lókè tí kò ga ju orúnkún yín lọ lè ti gbé níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbòǹgbò rẹ̀ á ti wọ àárín òkúta. Bí ẹ bá hú u, kò ní yè.

Gbígbìn ín

Oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ló dára jù níbi tí ìgbà òtútù kò bá le, kí gbòǹgbò lè fi òjò ìgbà náà mọ́lẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti ń di yìnyín tètè, ẹ dúró de oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin.

1. Ẹ bomi rin igi náà nínú ìkòkò rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú.
2. Ẹ gbẹ́ kòtò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìkòkò náà, ṣùgbọ́n tí jíjìn rẹ̀ kò ju gíga ìkòkò lọ. Gbòǹgbò igi yìí ń tàn lábẹ́ ilẹ̀ lókèlókè ni, kì í rì jìnnà.
3. Ẹ fi ìka tú gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì fọ gbogbo ilẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Àwọn olú tín-ín-tín tó ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́ láti rí oúnjẹ ń gbé inú ilẹ̀ yẹn.
4. Ẹ gbé e sínú kòtò. Ibi tí ìdí igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ di gbòǹgbò gbọ́dọ̀ hàn lójú ilẹ̀. Bó bá rì, yóò jẹrà.
5. Ẹ fi ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde bò ó padà. Ẹ má da ajílẹ̀ tútù tàbí ajílẹ̀ òyìnbó sínú kòtò.
6. Ẹ bomi rin ín dáadáa, kí omi fúnra rẹ̀ di ilẹ̀ mọ́ gbòǹgbò. Ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ le.
7. Ẹ da èèpo igi wíwó bo ojú ilẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7, kó sì fẹ̀ tó mítà kan yí ká. Ẹ jẹ́ kó fi ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí ara igi.

Èèpo igi yẹn ló dúró fún òjò dídì nínú ọgbà yín. Òun ló ń mú kí ilẹ̀ tutù nígbà ooru, tó sì ń bo gbòǹgbò nígbà òtútù. Ẹ máa fi tuntun kún un lọ́dọọdún.

Omi

Òjò pọ̀ ní Seattle àti Portland, ṣùgbọ́n láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án, ó lè má rọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ igi tuntun ń kú. Ní ìgbà ooru mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fún igi tó ga tó mítà kan ní nǹkan bíi lítà 20 lọ́sẹ̀. Bí ooru bá mú gidigidi, kó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà omi máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ìdí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó lè wọ ilẹ̀ lọ. Omi tí a ń wọ́n sórí ilẹ̀ lójoojúmọ́ kì í dé ibi tó yẹ kó dé.

Kí ẹ tó bomi rin ín, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀. Bó bá ṣì tutù ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ dúró di ọjọ́ kejì.

Ní London àti gúúsù ìlà-oòrùn England, omi ẹ̀rọ ní ẹfun nínú. Ẹ gbé àgbá síbi tí omi òjò ti ń ṣàn láti orí òrùlé, kí ẹ máa fi omi òjò bomi rin igi yín.

Ajílẹ̀ àti gígé ẹ̀ka

Ilẹ̀ òkè kò lọ́ràá, igi yìí kò sì béèrè púpọ̀. Ewé jíjẹrà díẹ̀ lábẹ́ èèpo igi ní ìgbà ìrúwé ti tó. Ajílẹ̀ òyìnbó tó pọ̀ á mú kó ga lódìlódì, ewé rẹ̀ á sì rọ̀ fún kòkòrò.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n hemlock orí òkè kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹ̀ka rẹ̀, ní kékeré tàbí ní àgbà. Ìrísí tí Ọlọ́run fún un ló dára jù. Ẹ̀ka gbígbẹ nìkan ni kí ẹ gé. Bí ṣóńṣó orí rẹ̀ bá di méjì, ẹ gé èyí tí kò lágbára ní ìgbà ìrúwé. Bí òjò dídì bá sì bò ó, ẹ má fi igi lù ú. Yóò gbọ̀n ọ́n dànù fúnra rẹ̀.

Gbígbìn ín láti inú irúgbìn

Èyí gba sùúrù, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ni. Ní oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, ẹ ṣa kóònù tó ti ń di búráùn tí kò tíì là. Ẹ kó wọn sínú àpò ìwé níbi tó gbẹ. Bí ìpẹ́ wọn bá là, irúgbìn oníyẹ̀ẹ́ yóò jábọ́. Irúgbìn náà kéré gan-an: kìlógíráàmù kan lè ju 200,000 lọ.

Ẹ rẹ wọ́n sómi fún ọjọ́ kan, ẹ pò wọ́n mọ́ iyanrìn tútù díẹ̀, kí ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi wọ́n sínú fíríìjì fún nǹkan bí 90 ọjọ́. Ẹ má fi wọ́n síbi tó ń di yìnyín. Ìtutù yìí ni yóò jẹ́ kí wọ́n rò pé ìgbà òtútù ti kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìn wọ́n sínú agbada pẹlẹbẹ, kí ilẹ̀ tó bò wọ́n má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, lábẹ́ òjìji. Ọmọ igi kò ní ga ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Omi àpọ̀jù a máa jẹ́ kí olú pa wọ́n láti ìdí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn. Ní ọdún kejì ni kí ẹ tó fi ìkọ̀ọ̀kan sí ìkòkò tirẹ̀. Ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni wọ́n tó ó gbìn sílẹ̀.

Inú ìkòkò

Nítorí pé kì í yára dàgbà, ó lè gbé inú ìkòkò fún ọdún púpọ̀. Ẹ lo ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀, kí ẹ da èèpo igi wẹ́wẹ́ àti òkúta fúyẹ́ mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ewéko tó fẹ́ ásíìdì. Bí ìgbà òtútù bá le, ẹ fi àpò ìdọ̀họ yí ìkòkò náà ká, nítorí yìnyín tètè ń wọ gbòǹgbò inú ìkòkò ju ti inú ilẹ̀ lọ. Ẹ máa pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta.

Kòkòrò àti àìsàn

Kòkòrò olówùú: Ohun funfun bí òwú ní ìdí ewé ni àmì rẹ̀, Adelges tsugae ni orúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ tó wá láti Japan, tí wọ́n rí ní Virginia ní ọdún 1951, ti pa hemlock púpọ̀púpọ̀ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Àwọn hemlock ti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà lágbára láti kojú rẹ̀, àwọn kòkòrò mìíràn tó ń jẹ ẹ́ sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi omi líle láti inú rọ́bà fọ̀ ọ́ dànù, tàbí kí ẹ lo ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún kòkòrò ewéko.

Àfòmọ́: Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ oko kòkó mọ̀ bí àfòmọ́ ṣe ń fa oje igi. Irú tirẹ̀ kékeré kan ń gbé ara hemlock. Ibi tó bá wọ̀ á wú, ẹ̀ka á sì dì pọ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ẹ gé ẹ̀ka náà kí àfòmọ́ tó so.

Gbòǹgbò jíjẹrà: Ewé á pọ́n, igi á sì máa rọ láti òkè. Omi tó dúró ló sábà ń fà á nínú ọgbà, kò sì sí oògùn tó lè wò ó bó bá ti wọlé tán.

Aláǹtakùn pupa wẹ́wẹ́: Ó ń wá nígbà tí ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ bá pàdé. Ewé á di aláwọ̀ eruku. Ẹ máa fọ ewé náà ní àárọ̀, kí ẹ sì fi omi kún ti ìdí rẹ̀.

Ewé inú lọ́hùn-ún tó ń pọ́n tó sì ń rẹ̀ dànù nígbà ìwọ́wé kì í ṣe àìsàn. Ewé àgbà ni, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún tuntun.

Iṣẹ́ ọdún kan

- Oṣù Kẹta sí Ìkẹrin: ẹ fi èèpo igi kún ìdí rẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka gbígbẹ.
- Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà: ẹwà ewé tuntun ń jáde, ẹ wo ìdí ewé fún kòkòrò olówùú.
- Oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án: omi, omi, omi.
- Oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá: ìgbà gbígbìn.
- Oṣù Kejìlá sí Ìkejì: ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ohun tí ẹ lè retí

Ọdún méjì àkọ́kọ́ lè kọjá láìsí ìyàtọ̀ púpọ̀ lójú. Gbòǹgbò ló ń kọ́lé nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lè máa fi 15 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ga lọ́dún, bí ibẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lókè, àwọn kan ti ju 800 ọdún lọ. Ẹni tó bá gbin igi yìí ń gbìn ín fún ara rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀ àti fún ẹni tí yóò gbé ilé náà lẹ́yìn wọn, nítorí náà ó yẹ kí a fara balẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà kò gba owó. Ní ìgbà ooru yìí, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jáde sí ọgbà yín ní aago méjì ọ̀sán, ní ọjọ́ tí ooru mú jù. Ẹ wá ibi tí òjìji wà, tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù nígbà tí ẹ bá ki ìka bọ̀ ọ́. Ẹ ri igi kékeré mọ́lẹ̀ síbẹ̀ kó jẹ́ àmì. Bí oṣù Kẹwàá bá dé, ibẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́ kòtò sí.